Ilé Tí Kì Í Sinmi

Alága wa, Alàgbà Ayọ̀délé, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá nílé ìwé yìí kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀gá mi, Ìyáàfin Tóyọ̀sí, tí àkóso ilé ìwé wà lọ́wọ́ yín báyìí, mo kúnlẹ̀, bí orúnkún tilẹ̀ ń ké. Ẹ̀yin àgbààgbà Ọ̀jọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbà wá, ẹ̀yin tí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Òkòkòmáíkò nínú ẹrẹ̀ òjò àná, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ààfáà mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ògiri wa, tí ẹ ti ń fara da igbe àwọn ọmọ mi láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yin ìyá ìjọ mi tí ẹ wọ sùtánà funfun wá láìka ẹrẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ ogun wa láti bárékè. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ọkọ mi, Bàbá Joy, tí ẹ ti ń bá mi gbé àpò láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí: mo kí gbogbo yín. Bí mo bá fo ẹnì kan, kì í ṣe ìwà àfojúdi. Omi ló kún ojú mi, n kò ríran dáadáa.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni Joy ọmọ mi ti ń wí pé, "Mọ́mì, ẹ tújú ká, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín nìyí, ọjọ́ ayọ̀ ni." Mo gbìyànjú ẹ̀, ojú náà ò gbà. Òótọ́ ni Joy sọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìjọba, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, tó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, tí wọn kò gbé e jáde, ṣé kò yẹ kó jó? Ó yẹ. Mo sì máa jó kí ilẹ̀ tó ṣú, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó wà níkùn mi, nítorí bí mo bá gbé e délé, kò ní jẹ́ kí n sùn.

Àyà mi ń já. Bí mo bá ń fọ abọ́, á já. Bí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, á já. Ọkọ mi bi mí léèrè pé, "Ìyá Joy, ṣé ara ni?" Mo ní ara kọ́. Wọ́n ní, "Ṣé o ò fẹ́ sinmi ni?" Mo ní mo fẹ́ sinmi o, ó ti rẹ̀ mí. "Kí wá ni?" Mi ò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Èsì tí mo jẹ wọ́n ni mo fẹ́ sọ níwájú yín báyìí. Àwọn òbí kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún.

Ìlaròó ni wọ́n ti bí mi. Òkòkòmáíkò ni mo gbé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ilé ìwé yìí ni mo sì gbó sí. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ tí mo dé, jẹ́lé-ó-sinmi náà ni mo ti ń jáde lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Títílọpẹ́ Ṣọlágbadé, gbogbo ayé ń yege lọ sí kíláàsì kejì, ìwọ nìkan lo ń tún kíláàsì ṣe." Wọn ò purọ́. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ kéékèèké. Mo fẹ́ràn ọmọ tó bá ń sunkún wọlé láàárọ̀, tó wá di ọ̀sán tí kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí a jọ ṣe é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ahọ́n mi mú, mo mọ̀. Ẹni tó bá ti gé lára yín, ẹ forí jì mí. Dámilárá, ìwọ tó o máa gba àga mi, o ti gbọ́ tìrẹ jù nínú ọ̀rọ̀ líle mi, síbẹ̀ o ò fi mí sílẹ̀ níjọ́ kan. Orí ìyá rẹ á bá ọ ṣe é.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi? Kí ilé lè sinmi ni. Ọmọ á gba ibí wá, ìyá á ráyè lọ sọ́jà, bàbá á ráyè lọ síbi iṣẹ́, ilé á pa rọ́rọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ilé kan wà tí kì í sinmi.

Ohun tí mo rí nìyí. Nígbà tí agogo ìparí bá lù, tí àwọn ìyá ń ya wọlé, àwọn kan kì í wọlé. Wọ́n á dúró ní òdìkejì títì, lábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta káàdì fóònù, wọ́n á máa ṣe bí ẹni ń wo nǹkan. Ìgbà tí gbogbo òbí bá lọ tán ni wọ́n máa tó yọ́ sọdá, wọ́n á fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sáré jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló ń dá wọn dúró. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé irú àwọn ọmọ kan ni wọ́n ń wá mú. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin, tí òun kò tíì pe màmá. Ọmọ tí a ń pè lórúkọ tí kò wẹ̀yìn. Ọmọ tí a bá kọ́ ní nǹkan lónìí, tó di ọ̀la tí kò sí mọ́. Ọmọ tó ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀kan, á ké bí ẹni tí iná jó.

Kí ni àwọn òbí wọ̀nyí ń sá fún? Ojú ni. Ojú tiwa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú tí a fi ń wo ọmọ wọn, tí a ó wá rọra yí padà wo ìyá, bí ẹni pé ìyá ló se ọbẹ̀ náà tí kò dùn.

Lọ́jọ́ kan, mo sọdá títì lọ bá ọ̀kan nínú wọn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀wà tí mo fẹ́ sè lálẹ́ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ya ẹnu nìyẹn, tí mo ní, "Ìyá, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó sì tẹ̀ lé mi. A jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, a da ẹ̀wà sórí atẹ, a ń ṣà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣa ẹ̀wà rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ṣà á kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Òkúta kékeré là ń wá. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á sì máa tú fúnra rẹ̀. Kí á tó ṣà á tán, obìnrin yẹn ti sọ fún mi pé òun kò tíì sùn dára láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, àti pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń jẹun?"

Ibẹ̀ ni ìpàdé wa, èmi àti irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni. Nígbà tí òjò ń lé wa kiri lábẹ́ igi, ọ̀gá wa Ìyáàfin Tóyọ̀sí fún wa ní yàrá tó wà ní ìkángun. Kì í ṣe pé a ń wo ẹnikẹ́ni sàn níbẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan parọ́ mọ́ mi. A máa ń sọ fún òbí pé, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ná, bóyá kì í gbọ́rọ̀ dáadáa ni. A máa ń kọ́ ara wa pé, bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ àti ojú ọmọ dọ́gba kó o tó bá a sọ̀rọ̀. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, sọ "omi", dúró, kó o tó fún un lómi. Má nà án nítorí ohun tí kò yé e. A máa ń gé àwòrán kúrò lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti lára agolo mílíìkì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí ọmọ tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ lè nàka sí i. Ohun tí a mọ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Òbí tó ti dá nìkan wà á rí i pé ẹlòmíràn náà ń gbé irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu òun àti ọkọ rẹ̀ kí n tó dìde. Fáòsíátù, dìde kí wọ́n rí ọ. Ó ń ta bàtà ọmọdé ní Ìyànà Ìbà. Ọkọ rẹ̀, Àdìó, ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Àlàbá. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Ọmọ wọn obìnrin, Sherifat, wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá, kì í sọ̀rọ̀ rárá, ariwo sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Bí mọ́tò bá fọn fèrè lójijì, á fi ìka di etí méjèèjì, á máa mì síwá sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ń wá sí ìpàdé wa. Bàbá rẹ̀ kì í wá. Ó ní ìpàdé obìnrin ni, àti pé kí ló ṣe ọmọ òun gan-an? Ọmọ á sọ̀rọ̀ nígbà tó bá yá.

Ó wá di ọjọ́ ìkómọ kan ní àgbàlá tí wọ́n ń gbé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹ̀bá ibi tí Sherifat jókòó sí, wọ́n tan án. Ọmọ náà figbe ta, ó sáré, ó sì gba ara tábìlì tí wọ́n to oúnjẹ sí, gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹnì kan nínú àwọn àlejò wá sọ ọ́ sókè, lójú gbogbo èèyàn, pé, "Eléyìí kì í ṣe ọmọ èèyàn. Ẹ gbé e padà síbi tó ti wá." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àdìó wà níbẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Fáòsíátù ni.

"Màmá, bàbá ẹ̀ ti gbé e lọ o!"

"Gbé ta ni lọ? Rọra sọ̀rọ̀."

"Sherifat! Ìsẹ́yìn ni wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn. Wọ́n ní ibẹ̀ ló máa wà. Mo wẹ̀ tán, mi ò bá wọn nílé mọ́. Gáréèjì Ìyànà Ìbà ni wọ́n máa wà. Màmá, kò lè sọ pé ebi ń pa òun! Ta ló máa mọ̀?"

Mi ò mọ bí mo ṣe wọ bàtà. Nínú kẹ̀kẹ́ ni mo ti pe Sájẹ́ńtì Ayọ̀wálé. Ẹ ń wò ó níbẹ̀ yẹn, kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Sójà ni, nínú bárékè ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀, Ìṣẹ́gun, ti gba kíláàsì mi kọjá, òun sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wá bá wa ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ṣáji, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe o, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀." Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Sílípáàsì ni ó wọ̀ wá.

Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn ti fẹ́ẹ̀ kún. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí láàárọ̀: fèrè níhìn-ín, igbe lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń wàásù. Sherifat wà lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ti di etí méjèèjì, ó pa ojú dé. Fáòsíátù ti débẹ̀ ṣáájú wa, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń sunkún.

Àdìó rí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Ọmọ mi ni."

Mo ní, "Ọmọ rẹ ni, Àdìó. Mi ò wá gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èmi olùkọ́, tí mo lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́! Agbèrò ń pariwo sí mi létí pé, "Màmá, ẹ wọlé àbí kí ẹ yàgò lẹ́nu ọ̀nà!" Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni pé, bí ọkọ̀ yìí bá gbéra, a ò ní rí ọmọ yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ́.

Ayọ̀wálé ni ó kọjá lára mi, tó wọ inú ọkọ̀, tó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Àdìó, nínú àyè tó ṣẹ́ kù. Kò jágbe mọ́ ọn. Kò fi iṣẹ́ sójà dẹ́rù bà á. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti tẹ orí wọlé kí n tó gbọ́.

Ó ní, "Mo ti gbé tèmi lọ rí."

Àdìó kọjú sí i.

"Ìṣẹ́gun. O mọ̀ ọ́n. Wọ́n pín mi lọ sójú ogun, ìyàwó mi ń ṣàìsàn, àwọn èèyàn mi sì ní kí n gbé e wá sílé, kó wà lọ́dọ̀ àwọn. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín ni nígbà yẹn. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá gbóhùn mi, á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, mo na ọwọ́ sí i kí n gbé e. Ó fi apá bo orí. Ọmọ mi rò pé mo fẹ́ gbá òun ni."

Àdìó ní, "Àwọn èèyàn mi ò ní lu ọmọ."

"Àwọn tèmi náà kì í ṣe ìkà. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n rò pé agídí ló ń ṣe. Mi ò sọ pé kó o má lọ, àbúrò. Ìwọ lo bí i. Bó o bá ń lọ, èmi náà ń bá ọ lọ. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí n lè bá ọ padà lọ gbé e nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yẹn bú sẹ́kún nínú ọkọ̀. Ó dì mọ́ ọmọ náà. Ó ní, "Ṣáji, kí ni kí n ṣe? Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀ ni? Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ò dùn mí tó o. Èyí tó ń pa mí ni pé, tí mo bá kú ńkọ́? Tó bá ń di etí báyìí, ta ló máa mọ̀ pé ariwo ló ń dùn ún?"

Mo retí kí Ayọ̀wálé sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Ohun tí èmi ì bá sọ nìyẹn. Ayọ̀wálé ní, "Mi ò mọ̀. Èmi náà ń bi ara mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, èmi mọ̀. Màmá yìí mọ̀. Ìyá ẹ̀ mọ̀. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Agbèrò ṣépè fún wa títí ọkọ̀ fi gbéra. Àdìó ò wò mí lójú. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé ayọ̀ dé lọ́gán. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bó bá rí mi lójú ọ̀nà, á gba ọ̀nà míràn. Ọjọ́ Sátidé, á fi ọ̀kadà gbé ìyá àti ọmọ wá, á jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì, á kẹ̀yìn sí wa. A fi í sílẹ̀. Òjò ńlá kan ló lé e wọlé lọ́jọ́ kan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀. Ìyá kan kàn ti atẹ ẹ̀wà sí iwájú rẹ̀. Ó jókòó. Ó ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí òjò dá, ó bi mí pé, "Màmá, páálí alápèjúwe yẹn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Àwòrán ló ń pè bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ṣe ti ọmọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó lu ihò sí igun páálí kọ̀ọ̀kan, ó fi wáyà sín wọn papọ̀ bí ẹni ń sín kọ́kọ́rọ́, kí Sherifat lè fi kọ́ ìdí.

Ọjọ́ kan, ó sáré wọ ọgbà ilé ìwé ní ọ̀sán gangan, òróró ẹ̀rọ wà lápá rẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní, "Màmá, ó ní òun fẹ́ mu omi!" Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Rárá o. Ó wá bá mi láàárọ̀, ó fi àwòrán omi lé mi lọ́wọ́. Èmi ló wá bá, Màmá. Ó kọjá lára ìyá ẹ̀, èmi ló wá bá!" Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn níkùn, kò lè gbé e mọ́, ó ní láti wá sọ fún ẹnì kan.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àdìó, mo kí ọ. Fáòsíátù, ẹni tó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú tí kò jẹ́ kó tì, mo kí ọ. Sájẹ́ńtì Ayọ̀wálé, Ọlọ́run tó mọ ohun tó ná ọ láti sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn yóò bá ọ tọ́jú Ìṣẹ́gun.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, mo lè jókòó, kí olórin máa kọrin. Kò parí síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjọ́ orí Sherifat ti tó láti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn kiri. Ilé ìwé kan ní kò sí àyè. Òmíràn ní kó mú un wá nígbà tó bá ti ń sọ̀rọ̀. Èmi náà ń lọ. Èmi àti ọmọ yẹn jọ ń jáde ní kíláàsì kan náà lọ́dún kan náà ni, kò sì sẹ́ni nínú wa tó lè sọ pé kí ọmọ náà gba ibí lọ. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń já mi láyà?

Ẹ̀rù mìíràn tún wà. Yàrá ìkángun yẹn, wọ́n fẹ́ fi ṣe kíláàsì. N kò bínú. Àwọn ọmọ pọ̀, àyè ò tó, ọ̀gá mi ò sì lè fi ọwọ́ mọ yàrá. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn òbí máa lọ? Mo ti ń gbọ́ pé, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́run á pèsè." Àmín. Mo mọ̀ pé á pèsè. Ta ló fẹ́ rán, nínú wa? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́, ọjọ́ tí Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Gbọ̀ngàn yìí kún lónìí nítorí pé oúnjẹ wà, orin sì wà. Mi ò bá yín wí. Mo kàn ń bi yín ni: lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, nígbà tí kò ní sí orin, tí ọmọ kan á máa ké, tí ìyá rẹ̀ á máa wo ilẹ̀, ta ni yóò jókòó tì í?

Mo ti bá Dámilárá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní ó dára, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Fáòsíátù ní òun ni yóò máa pe àwọn òbí lórí fóònù. Bí yàrá bá sí, a ó wọ yàrá. Bí kò bá sí, igi fúrúùtù ṣì wà lórí ìdúró. Bí òjò bá rọ̀, a ó rin. Ọ̀gá mi, ẹ má bínú pé mo kéde rẹ̀ níwájú èrò kí n tó tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Mo rí i tí ẹ ń mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń wí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. N ó wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí mo tilẹ̀ ti di àlejò.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Gbogbo yín kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹnì kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí n kò mọ̀. Bóyá ìyá ni ọ́, bóyá bàbá, bóyá ìyá àgbà. O fi ọmọ kan sílẹ̀ nílé wá síbí, o ti ilẹ̀kùn, o sì ti ń wo aago láti ìgbà tó o ti jókòó. O kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ńkọ́, o máa ń ní ó wà, a dúpẹ́. Mi ò rí ọ, nítorí èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, nítorí kò tíì sí ìpéjọ kan ní àdúgbò yìí tí irú rẹ kò sí. Má dìde. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bí o kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kó o tó jáde ní géètì yìí, wá ẹnì kan. Àwọn tí mo dárúkọ jókòó sápá ọ̀tún mi níbí. Má sọ ìtàn gígùn. Sọ fún un pé, "Mo ní ọ̀kan nílé." Ó tó. Yóò yé e.

Alága wa, Ọlọ́run yóò fi ẹ̀mí gígùn fún yín. Ilé ìwé yìí kò ní di ahoro. Ọmọ tó yára àti ọmọ tó ń rọra bọ̀, ọ̀nà kò ní sọnù mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ ò ní fi ẹkún tọ́ ọmọ tí ẹ fi ayọ̀ bí. Bí ọjọ́ tí ẹ ò ní sí níbẹ̀ bá dé, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni tó mọ àwọn ọmọ yín ti pọ̀ nílẹ̀. Ọlọ́run yóò gbé yín délé láyọ̀, ẹ ó bá gbogbo ọmọ tí ẹ fi sílé láàyè, ní àlàáfíà.

Ẹ ṣé o. Ẹ má gbàgbé Sátidé.